Mo fẹ́ gbé màmá mi lọ wẹ̀ ní ìsun omi gbígbóná lórí àwọn òkè Colorado: kí ni kí n ṣọ́ra fún?

ỌmọÈkìtì_Denver

Ẹ kú ilé o. Màmá mi ń bọ̀ láti Adó-Èkìtì ní ìparí oṣù Kẹwàá, wọ́n á sì lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Láti ọjọ́ tí mo ti fi fọ́tò àwọn òkè ìhín ránṣẹ́, níbi tí omi ti ń rú èéfín láàrin yìnyín, wọn ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ń lọ wo Ìkògòsì ti òyìnbó. Tíṣà ni wọ́n ní agbègbè Arámọkọ nígbà kan, wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ iléèwé lọ sí Ìkògòsì, nítorí náà kò sí ẹni tó lè kọ́ wọn ní ohunkóhun nípa omi gbígbóná.

Màmá ti pé 68. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, wọ́n ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, eékún ọ̀tún sì ń dùn wọ́n. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 4, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní kí n má wulẹ̀ lọ sí ibi tí èrò pọ̀ sí, pé Conundrum tó wà lókè Aspen ló rẹwà jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ibo ni kí n gbé wọn lọ, kí ni kí n sì máa ṣọ́?

Akẹ́rù_Aurora

Ọ̀rẹ́ yín yẹn mọ̀ pé màmá ń bọ̀ ṣá? Mọ́tò kì í dé Conundrum. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn ín, ó tó máìlì 8 ààbọ̀ ní àlọ nìkan, ìyẹn kìlómítà 13 ó lé díẹ̀, òkè ni wọ́n sì ń gùn lọ. Omi náà wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 11,200 sókè ju ìtẹ́jú òkun lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sùn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ṣáájú, kó sì ru agolo líle tí béárì ò lè ṣí fún oúnjẹ rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe èèyàn níbẹ̀, kò sí áńbúláǹsì tó ń wọ ibẹ̀. Ẹ fi Conundrum sílẹ̀ fún àwọn tí eékún wọn ṣì gbọ́ràn.

Ìyá_Bọ́sẹ̀

Glenwood Springs ni mo máa ní kẹ́ ẹ lọ. Etí títì I-70 ló wà, nǹkan bíi máìlì 160 sí Denver lápá ìwọ̀ oòrùn, mọ́tò á sì gbé màmá dé ẹnu ọ̀nà. Láti 1888 ni wọ́n ti ń wẹ̀ nínú adágún yẹn. Ìsun tí omi náà ti ń wá, tí wọ́n ń pè ní Yampah, gbóná tó nǹkan bí 50 lórí Celsius, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń mú kó rọlẹ̀ kó tó kan ara ẹnikẹ́ni. Adágún ńlá wà láàrin 32 sí 34, èyí kékeré tí wọ́n fi ń na ara wà ní nǹkan bí 40. Màmá á rí ibi jókòó, àwọn ọmọ náà á rí ibi ṣeré.

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Strawberry Park ní Steamboat Springs fún yín, ibẹ̀ dára, inú àfonífojì láàrin igi ni, ṣùgbọ́n ẹ tètè kúrò níbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Bílẹ̀ bá ti ṣú, wọn kì í gba ọmọ tí kò tíì pé 18 láyè mọ́, ẹni tó bá sì wù lè bọ́ gbogbo aṣọ kúrò lára. Mi ò mọ àdúrà tí màmá máa gbà bí wọ́n bá rí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó máa gùn.

Akẹ́rù_Aurora

Áà! Ìyá Bọ́sẹ̀, ta ló sọ ọ́ fún yín?

Ìyá_Bọ́sẹ̀

Wọ́n kọ ọ́ síta, ọ̀gá. Ẹ má da wàhálà sílẹ̀ fún mi nínú ilé.

Arìnkiri_Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ ti bẹ̀rù jù. Ìkògòsì gbóná tó 70 níbi tó ti ń sun jáde, gbogbo ìwé ìrìnàjò afẹ́ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, a fi bọ́jú, a tún bu mu, kò sí ohun tó ṣe wá. Awọ dúdú lágbára. 40 tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba màmá yẹn, omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun ni nílé wa.

Ọmọ_Ìkògòsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ ìlú sọ̀rọ̀. Mo mọ ìwé tẹ́ ẹ ń sọ, 70 yẹn ni wọ́n ń dà kọ látinú ìwé kan sí òmíràn. Omi wa kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó gbé òṣùwọ̀n wá síbi ìsun náà bá a ní nǹkan bí 37 sí 38, ìyẹn ìwọ̀n ooru ara èèyàn. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè dúró sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ máa ya fọ́tò.

Ẹ fọkàn rò ó wò ná. Àjọ tó ń rí sí ààbò ohun tí aráàlú ń lò ní Amẹ́ríkà sọ pé omi tó gbóná tó 49 lè bó awọ àgbàlagbà bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú 5. Bó bá dé 54, ìṣẹ́jú àáyá 30 péré. Ní 60, ìṣẹ́jú àáyá 6. Ní 65, ìṣẹ́jú àáyá 2, ó ti parí. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé Ìkògòsì jẹ́ 70, kò bá ti sí ọmọ iléèwé kan tó ti ibẹ̀ padà sílé pẹ̀lú awọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ awọ dúdú tàbí funfun kọ́.

Ìdí tí omi wa fi rọra lọ́wọ́ọ́wọ́ ni pé kò sí iná kankan nísàlẹ̀ rẹ̀. Òjò ló ń gba inú àwọn àlàfo àpáta òkè Ẹ̀fọ̀n wọlẹ̀ lọ jìnnà, ilẹ̀ máa ń gbóná sí i bó ṣe ń jìn sí i, omi á yá níbẹ̀, á tún gba ọ̀nà àpáta padà sókè. Bó ṣe ń jáde lọ́dún tó kọjá náà ló ń jáde lónìí. Èèyàn lè fi ojú di í, kò ní bínú. Ní ẹ̀yìn odi, àwọn ibì kan wà tí àpáta yíyọ́ wà lábẹ́ ilẹ̀ wọn, omi ibẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀. Ohun tí mo rò pé ẹ̀gbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní láti fi ye màmá gan-an nìyẹn: ẹni tí Ìkògòsì bá kọ́ ní ìwà omi gbígbóná, kò tíì rí omi gbígbóná.

Awakọ̀_Montana

Ọmọ_Ìkògòsì, ẹ ti sọ ọ́. Tírélà ni mo ń wà, mo sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ Yellowstone kọjá, ọgbà igbó ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà tí ihò omi gbígbóná kún inú rẹ̀. Omi ibẹ̀ ti pa èèyàn tó lé ní 20 láti nǹkan bí 1890. Àwọn tí béárì pa níbẹ̀ kò tó ìdajì wọn, síbẹ̀ béárì ni gbogbo àlejò ń bẹ̀rù.

Ní 2016, ọ̀dọ́kùnrin kan ẹni ọdún 23 sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá pákó ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní Norris, ó ń wá ihò omi tó máa wẹ̀. Ó yọ̀ ṣubú sínú ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n padà wá gbé òkú lọ́jọ́ kejì, wọn ò bá nǹkan kan mọ́. Omi náà gbóná, ó sì tún ní ásíìdì.

Ilẹ̀ tó yí àwọn ihò yẹn ká máa ń dà bí ilẹ̀ gidi, ṣùgbọ́n èèpá fẹ́lẹ́ ni, omi tó ń hó ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ náà tún máa ń tan èèyàn. Èyí tó mọ́ gaara, tó búlúù bí ojú ọ̀run, òun ló máa ń gbóná jù, nítorí ó ti gbóná kọjá ibi tí àwọn kòkòrò aláwọ̀ ìyeyè àti pupa lè gbé. Èyí tó rẹwà jù yẹn ni ọmọdé máa sá lọ bá. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wẹ̀ nínú wọn, ká má sì kúrò lórí pákó. Bí ẹ bá gbé àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ di ọmọ ọdún 4 yẹn lọ́wọ́ mú láti ibi mọ́tò títí ẹ ó fi padà síbi mọ́tò.

Arìnkiri_Ìbàdàn

Mo gbà lórí 70. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí 40. Màmá ti wẹ omi tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú balùwẹ̀ tiwọn.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́

Àbúrò, a fi igbá bu omi balùwẹ̀ dà sára ni, atẹ́gùn á sì fẹ́ sí i kí a tó bu òmíràn. Ká rì dé ọrùn, ká jókòó tì í, nǹkan mìíràn nìyẹn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe ní Houston, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn.

Bí ara bá wọ omi gbígbóná, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ á fẹ̀, kí ooru lè ríbi jáde. Ẹ̀jẹ̀ á ya síbẹ̀, ìfúnpá á lọ sílẹ̀, ọkàn á wá máa sáré kó lè bo àlàfo náà. Bẹ́ẹ̀, mímú iṣan fẹ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú bíi amlodipine tí ìdajì àwọn ìyá wa ń lò. Oògùn ń fà á wálẹ̀, omi tún ń bá a fà á. Tí wọ́n bá wà nínú omi, wọ́n lè má mọ ohun kan lára, ara á kàn máa tù wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá dìde ni òòyì á gbé wọn, orí àpáta tàbí sìmẹ́ǹtì tútù ni wọ́n máa ṣubú sí. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n dákú padà sínú omi. Bó bá jẹ́ pé oògùn tó ń múni tọ̀ wà lára tiwọn, omi ara wọn ti dín kù kí wọ́n tó débẹ̀, atẹ́gùn orí òkè sì gbẹ bí ọyẹ́.

Nítorí náà, kí wọ́n ti bi dókítà wọn léèrè ní Adó kí wọ́n tó wọ bàlúù. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tìtorí ohun tí mo sọ yìí fo oògùn ọjọ́ yẹn o! Mo mọ ọgbọ́n àwọn ìyá wa. Omi tó bá ju 40 lọ, ìyẹn 104 lórí Fahrenheit tí wọ́n máa ń kọ sára pátákó níhìn-ín, wọn ò ní ohunkóhun ṣe níbẹ̀. Nínú 40 náà, ìṣẹ́jú 10 tó. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sétí, kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, bó bá bá ara mu kó wá dé ìbàdí, kí àyà wà níta. Bí wọ́n bá fẹ́ jáde, ẹnì kan á di apá wọn mú, wọ́n á dúró díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Omi mímu ní tòsí, ọtí rárá.

Bí wọ́n bá ní orí ń fọ́ àwọn, tàbí èébì ń gbé wọn, tàbí àyà ń lù kìkì, ẹ má jiyàn, ẹ mú wọn jáde, ẹ dá wọn dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ wọn sókè díẹ̀. Bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò já gaara mọ́, 911 ló kàn.

Ọmọ ọdún 4 kò gbọdọ̀ wọ èyí tó jẹ́ 40 rárá. Ara ọmọdé máa ń tètè gbóná ju ti àgbà, kò sì lè sọ fún yín pé ó ti sú òun. Adágún tó lọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn ni tirẹ̀, kí ọwọ́ àgbà má sì jìnnà sí i.

Mo fẹ́ fi kún un pé ẹni tó bá wà nínú oyún kò gbọdọ̀ wọ irú omi bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ní kó wọ̀ ọ́, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Bàbá_Ìbejì_Leeds

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Àtọ̀gbẹ ń bá èmi jà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. A fẹ́ lọ sí orí òkè ní Ítálì ní oṣù Kejì, wọ́n ní omi gbígbóná wà níbẹ̀. Ṣé èmi náà lè wọ̀ ọ́?

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́

Bàbá, ẹsẹ̀ yín ni ìbéèrè tèmi. Bí àtọ̀gbẹ bá pẹ́ lára, ẹsẹ̀ lè kú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè bó nínú omi tí ẹlòmíràn ti sá jáde, kó má dùn yín. Ẹ máa fi ìgbọ̀nwọ́ tàbí ọwọ́ tọ́ omi wò, ẹ má fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ. Bí egbò kékeré bá wà níbẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ wọ bàtà rọ́bà títí dé etí omi, torí òkúta tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ tẹ̀ lè ṣe yín léṣe. Bí ẹ bá ń gún abẹ́rẹ́ insulin, ooru máa ń mú kó tètè wọ ara, ṣúgà lè já lulẹ̀ lójijì. Ẹ bá dókítà yín sọ ọ́.

Bàbá_Ìbejì_Leeds

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo ti sọ fún ìyàwó mi, ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Dúró_Ó_Dára

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ imú. Màmá tó bá jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó tún mọ Ìkògòsì níbi tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kọ́ ibùdó wọn sí láyé àwọn 1950, kò ní ṣe kó má ki orí bọ omi. Ẹ bẹ̀ wọ́n.

Amíbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Naegleria fowleri, ó fẹ́ràn omi aláìníyọ̀ tó bá gbóná, ó lè fara da ooru dé 46. Bí èèyàn bá mu ún, kì í ṣe é ní nǹkan. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá gba imú wọlé pẹ̀lú agbára, ó lè gba ibẹ̀ gòkè lọ sínú ọpọlọ. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an: láti 1962 dé 2023, àwọn tó mú ní gbogbo Amẹ́ríkà lé díẹ̀ ní 160, adágún àti odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ wọn ti kó o. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni pé èèyàn 4 péré ló yè nínú wọn. Kò gba wàhálà láti yẹra fún un. Ẹ má ki orí bọ ìsun omi igbó, ẹ má jẹ́ kí ọmọ bẹ́ sí i tàbí kó máa da omi sí ẹlòmíràn lójú, ẹ má sì ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú omi rẹ̀ kò léwu tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò ki orí bọ ìyẹn náà.

Ọmọ_Ìkògòsì

Ní tèmi, ohun tí mo rí tó ń ṣe àlejò léṣe jù nílé wa kò ṣẹ̀yìn àpáta. Ewéko aláwọ̀ ewé tó máa ń bo òkúta inú omi, ọṣẹ ni fún ẹsẹ̀. Wọ́n á wọ sálúbàtà aláṣọ, wọ́n á máa gbé fóònù sókè ya fídíò níbi tí omi tútù àti omi gbígbóná ti pàdé, ẹ ó kàn gbọ́ gbìì. Màmá tí eékún ń dùn gbọ́dọ̀ ní bàtà rọ́bà tó di ẹsẹ̀ mú lẹ́yìn, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí jágajàga.

Eékún wọn á sì gbádùn omi yẹn lóòótọ́, mi ò ní parọ́. Àwọn àgbà wa kò ṣàdédé máa gbé làkúrègbé wá síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́

Òótọ́ ni. Ooru máa ń dẹ oríkèé, ìrora á rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ kàn má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún màmá pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru.

Adélé_Òkè

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó kù ibì kan: òkè fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ará Èkìtì, òkè yín kò tíì dé ibi tí ti wọn ti bẹ̀rẹ̀. Denver tó dà bí pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn wà ní mítà 1,600 sókè. Glenwood kò fi bẹ́ẹ̀ ga jù ú lọ, nǹkan bí 1,750 ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà I-70 máa gbé yín gba inú Eisenhower, ihò ọ̀nà mọ́tò tí wọ́n gbẹ́ gba inú òkè, kọjá ní nǹkan bíi mítà 3,400. Àìsàn òkè gíga máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn láti nǹkan bí 2,500 lọ sókè: orí fífọ́, àìróorunsùn, èébì, kí èèyàn máa mí gúlegúle. Èèyàn kàn ń gba ibẹ̀ kọjá nínú mọ́tò ni, kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má mú ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bàlúù lánàá lọ síbẹ̀. Kí wọ́n lo bí ọ̀sẹ̀ kan nílé yín ná, kí wọ́n máa mu omi dáadáa. Ẹ má dúró ya fọ́tò pẹ́ lórí òkè.

Ẹ tún bi wọ́n ní jínótáìpù wọn. Àwa òyìnbó dúdú máa ń gbàgbé ìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, òkè gíga àti òtútù tó máa gbá a bó bá jáde nínú omi gbígbóná lè dá ìrora egungun sílẹ̀, kò gbọdọ̀ lọ láìbá dókítà rẹ̀ sọ ọ́. AS kì í sábà ní ìṣòro, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí lára àwọn AS kan tí òkè gíga dá ìrora ńlá sílẹ̀ fún lápá òsì ikùn, lábẹ́ egungun ìhà. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lórí òkè, ẹ má pè é ní gáàsì tàbí ọgbẹ́ inú. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sì sọ jínótáìpù fún wọn kí wọ́n tó bi yín, torí ọ̀pọ̀ dókítà ìhín kì í rántí rẹ̀.

ỌmọÈkìtì_Denver

Jínótáìpù! Mo mọ tèmi, mo mọ ti àwọn ọmọ, mi ò tíì bi màmá rí. Mo ń pè wọ́n báyìí.

Akẹ́rù_Aurora

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ èéfín kún un. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ níbi omi, gáàsì inú ilẹ̀ ni. Níta gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́, kò ṣe nǹkan kan, ẹ kàn bọ́ òrùka fàdákà sílẹ̀ nílé torí ó máa ń sọ ọ́ di dúdú. Inú ihò àti kòtò ni ìjàngbọ̀n wà. Bí gáàsì yẹn bá pọ̀ jù, ńṣe ló ń pa agbára ìgbóòórùn imú, èèyàn á rò pé òórùn ti lọ. Òmíràn tún wà tí kò lóòórùn rárá, ó wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ibi tó rì ló máa ń jókòó sí. Ní Steamboat Springs, ihò kan wà láàrin ìlú tí wọ́n ń pè ní Sulphur Cave, gáàsì méjèèjì ló kún un, ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ọ́ láìlo ẹ̀rọ ìmí. Ní Mammoth Mountain ní California, àwọn òṣìṣẹ́ orí yìnyín mẹ́ta kú sínú irú ihò èéfín bẹ́ẹ̀ ní 2006. Ẹ sọ fún ọmọ ọdún 9 pé ihò orí òkè kì í ṣe ibi eré bojúbojú.

Ní Glenwood náà, ihò kan wà tí wọ́n ti ń gba ooru sára, ó ju 40 lọ nínú ibẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ ọ, kò sí májèlé, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ti màmá kọ́.

ỌmọÈkìtì_Denver

Màmá ní AA ni àwọn, wọ́n tún bi mí pé ṣé ìgbéyàwó ni mo ń wá fún wọn ni.

A ti fẹnu kò. Glenwood ni, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bá dé, ní ọjọ́ Tuesday kí èrò má pọ̀. Wọ́n á lọ bá dókítà wọn ní Adó kí wọ́n tó bọ̀. Ìyàwó mi á wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, èmi á wà lọ́dọ̀ màmá. Ọ̀kan ló kù: wọ́n ní àwọn ò ní wọ ohun tí òyìnbó ń wọ̀ lúwẹ̀ẹ́, pé ìró àti bùbá ni àwọn fi ń wọ Ìkògòsì.

Ìyá_Bọ́sẹ̀

Ìró kọ́! Bó bá mu omi tán, á wúwo, á wé mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ohun tẹ́ ẹ sì ń sá fún gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ibi ìwẹ̀ kì í gba aṣọ lásán láyè. Ẹ wá irú èyí tí àwọn ìyá ìjọ Mùsùlùmí ń wọ̀, alápá gígùn, tí ṣòkòtò rẹ̀ dé kókósẹ̀. Ó bo gbogbo ara, omi kì í sì dúró sí i lára. Ẹ rà á ní dúdú, kí wọ́n má baà ní ó ń fi ara hàn. Ẹ mú táwẹ́ẹ̀lì méjì fún wọn, fìlà onírun, àti aṣọ gbígbẹ tí wọ́n máa wọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí òtútù oṣù Kọkànlá lórí òkè kì í dúró kéèyàn rin dé mọ́tò. Ilẹ̀ ibẹ̀ lè di yìnyín pẹ̀lú omi tó ń kán lára àwọn oníwẹ̀ẹ̀, kí bàtà rọ́bà yẹn má kúrò lẹ́sẹ̀.

Awakọ̀_Montana

Kẹ́ ẹ tó gbéra láàárọ̀, ẹ wo COtrip, ìkànnì tí ìjọba Colorado fi ń kéde ipò ọ̀nà. Àfonífojì Glenwood tí I-70 gbà kọjá, òkúta àti ẹrẹ̀ máa ń ya sí i, yìnyín náà máa ń dí i. Ní 2021, ẹrẹ̀ ya bo ọ̀nà níbẹ̀, ó tì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Láti oṣù Kẹsàn-án dé ìparí oṣù Karùn-ún ni òfin táyà wà lórí I-70 láti Dotsero títí dé Morrison, ẹ wo ojú táyà yín kó tó di pé ọlọ́pàá bá yín wò ó. Ẹ fi omi, bisikíìtì, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti oògùn màmá ti ọjọ́ méjì sínú mọ́tò, torí bí ọ̀nà bá tì, inú mọ́tò lẹ máa sùn.

ỌmọÈkìtì_Denver

Táyà tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dán. Ẹnikẹ́ni mọ ibi tí mo ti lè rí èyí tó dára rà ní Aurora, tí kò ní gba owó oṣù mi tán?

Akẹ́rù_Aurora

Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára táyà yẹn ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Mo mọ Mẹ́síkò kan.